Àdìjátù Oníkáàdì àti Ọmọ Olórúkọ Mẹ́ta

Bí àlejò bá dé Òkè-Àpáta, ìlú kékeré tí kò jìnnà sí Okaka, tó ní òun ń wá Àdìjátù ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì, wọn á kọ́kọ́ wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n bó bá ní Ìyá Oníkáàdì lòun ń bá bọ̀, kíá ni wọn á mú un dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni mo fẹ́ sọ, torí láti ọjọ́ tí mo ti mọ bó ṣe ń ṣe é, kò tún sí iṣẹ́ mìíràn tó wù mí tó o. Àwọn kan rò pé kéèyàn jókòó sídìí tábìlì kó máa kọ orúkọ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Orúkọ kíkọ yẹn náà ló di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọ kan lọ́dún 1981.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti bí Àdìjátù. Ahunṣọ òfì ni bàbá rẹ̀, ìdí òfì yẹn ló sì ti kọ́ ohun tó ń lò títí dòní: bí òwú kan bá já, ibi tó ti já gan-an ni kí o ti so ó. Bí o bá fojú fò ó tí ò ń hun lọ, aṣọ á máa gùn lóòótọ́, àmọ́ ibi tó já yẹn á máa wò ọ́ títí aṣọ á fi gbó. Ó ka ìwé mẹ́fà, ó ka mọ́dà, lẹ́yìn náà ló fẹ́ Ládòkun, àgbẹ̀ oníṣu, ó bá a wá sí Òkè-Àpáta, ó sì bí Ràsáàkì fún un. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn lọ́dún 1979, òun nìkan lobìnrin tó lọ béèrè. Wọ́n bi í bóyá ó lè ṣe é. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi káàdì ọ̀hún han òun ná.

Ohun tí wọ́n fi hàn án kò wúni lórí. Inú páálí mílíìkì ni wọ́n kó káàdì sí, bí èèyàn ṣe ń kó àgbàdo sínú àpò. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń wá a. Aláìsàn á gba ìwé pélébé kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, á mú un relé, wọn á fi wé iyọ̀, tàbí kó bá aṣọ lọ sódò. Ìgbà tó bá tún padà dé láìní nọ́ńbà lọ́wọ́, wọn á ya káàdì tuntun fún un, kò tún sí ẹni tó máa rántí èyí tó ti wà ńlẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí obìnrin yìí ṣe. Ó pa nọ́ńbà tì, ó ní ilé ni òun yóò fi tò wọ́n. Ó ní èèyàn lè gbàgbé nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó ń gbàgbé ilé bàbá rẹ̀. Gbogbo káàdì ilé Ògúndèjì di ìdì kan, ti ilé Ọ̀jẹ̀túndé di ìdì kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe é títí tó fi ká gbogbo ìlú. Ó ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn fún àjẹkù òwú òfì, ó sì fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ di ti ilé kọ̀ọ̀kan: pupa fún ilé Ògúndèjì, funfun fún ilé Ọ̀jẹ̀túndé, dúdú aláró fún ilé Àríyọ̀. Bí o bá ti dárúkọ ilé rẹ, ojú ló fi ń mú un. Mo ti dúró wò ó rí. Ẹni tó ń béèrè kì í tíì kí i tán tí káàdì á fi wà lórí tábìlì.

Ibi tó ti ń tò wọ́n yìí ló ti kan káàdì Mojọlá. Ọmọ ilé Àríyọ̀ ni. Lókè káàdì náà, ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n má fún ọmọ yìí ní abẹ́rẹ́ pẹnisílínì mọ́ láéláé. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣàlàyé. Ìgbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ yìí nítorí egbò, ètè rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ dí, mímí sì di ìjàkadì. Díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àdìjátù mú un lọ bá Florence, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa, ọmọ Ìbàdàn tí ọwọ́ rẹ̀ yá tí ẹnu rẹ̀ náà sì yá. Sístà ni gbogbo ìlú ń pè é. Sístà sọ fún un pé àwọn ara kan wà tí kì í gba oògùn yẹn, àti pé ẹni tí oògùn náà bá ti bá jà lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́ẹ̀kejì lè má fún ẹnikẹ́ni láyè àtisáré. Nọ́ọ̀sì tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ sí Ṣakí. Àpọ́nlé, ìyá Mojọlá, ń ta èlùbọ́, ó lè lọ sí Ìṣẹ́yìn kó pẹ́ níbẹ̀ kó tó bọ̀. Bí ìyá kò bá sí nílé, bírò pupa yẹn nìkan ló kù tó mọ ohun tó lè pa ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni àwọn méjèèjì fi í ṣòfin: bí kò bá sí káàdì, kò sí abẹ́rẹ́.

Òfin yẹn dára. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí òfin kò rí, ìyẹn ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Bí Àdìjátù ṣe ń tú ìdì, ó ń rí àwọn káàdì kan tí wọn kò lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Adúmáradán. Òmíràn ń jẹ́ Akọ̀wé. Òmíràn ń jẹ́ Ọkọ-mi-kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Sístà sì bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín nínú káàdì aláìsàn.

"Orúkọ ìyàwó ni, Sístà," ó ní. "Gbogbo àwọn wọ̀nyí, ìyàwó ilé ló gbé wọn wá."

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ọmọ ọ̀hún ìbáà ṣì máa fi ẹrẹ̀ ṣeré nílẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ni yóò fún un, èyí tó bá ẹwà ọmọ náà mu, tàbí ìwà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ara ọmọ kò bá yá tí ìyá rẹ̀ kò sì sí nílé, ta ni yóò gbé e pọ̀n lọ sílé ìwòsàn? Ìyàwó náà ni. Wọ́n á bi í léèrè orúkọ, á sọ èyí tó ń pè é, akọ̀wé á sì kọ ọ́. Ìyá àgbà á gbé ọmọ yìí kan náà wá lọ́jọ́ mìíràn, á sọ oríkì rẹ̀. Ìyá ọmọ á gbé e wá, á sọ orúkọ ìkómọ.

Sístà to káàdì sójú tábìlì, ó ń wò wọ́n. "Ìyá Ràsáàkì, ṣé ọmọ mẹ́ta lèyí àbí ọmọ kan?"

"Ohun tí mo fẹ́ lọ mọ̀ nìyẹn."

Bó ṣe di pé Àdìjátù ń kó káàdì sínú agolo bísíkíìtì nírọ̀lẹ́, tó ń lọ láti agbo ilé dé agbo ilé nìyẹn. Ó máa ń bá àwọn obìnrin nídìí iṣu tí wọ́n ń bó, á gba ọ̀bẹ, á bá wọn bó o, á máa béèrè. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìyàwó Ládòkun ń wá orúkọ kiri bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Òun náà ń fún wọn lésì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, inú ẹ̀rín yẹn ló sì ti ń rí ohun tó ń wá. Ìyàwó á sọ orúkọ tirẹ̀, ìyá àgbà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri á sọ tòótọ́, Àdìjátù á kọ gbogbo rẹ̀ sórí káàdì kan ṣoṣo, á sì fa èyí tó kù ya. Ilé tó bá parí, á ta kókó sí òwú rẹ̀ pinpin.

Ilé Àríyọ̀ ni kò rí parí.

Baba Àríyọ̀ fúnra rẹ̀ ló bá a lẹ́nu ọ̀nà. Àgbàlagbà tó le ni, ó sì rántí dáadáa ọdún tí àwọn agbowó-orí ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Ó wo agolo, ó wo bírò, ó bi í pé ta ló rán an.

"Ilé ìwòsàn ni, Bàbá."

"Àwọn tó wá ń ka orí wa lọ́jọ́sí, ilé ìwòsàn ló rán wọn náà?"

Àdìjátù kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé, ó tún un ṣàlàyé. Ó dárúkọ Mojọlá, ó ní ọmọ náà ni òun tilẹ̀ torí rẹ̀ wá, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé oògùn kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ ara rẹ̀. Baba ní ìyá rẹ̀ mọ̀, ó sì tó. Ó ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ẹni tó bá fẹ́ ka nǹkan, kó lọ ka iṣu ọkọ rẹ̀.

"Iṣu ọkọ mi kì í gba abẹ́rẹ́, Bàbá," Àdìjátù ní, ó sì dìde.

Àwọn obìnrin tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Baba kò rẹ́rìn-ín. Àdìjátù gbé agolo rẹ̀ padà, ó wé òwú aláró mọ́ ìdì ilé Àríyọ̀, kò ta kókó sí i. Gbogbo ìdì tó kù lórí pẹpẹ ló ní kókó, àfi ọ̀kan yẹn. Bí o bá wọlé, o ò lè ṣàìrí i.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé lọ́dún 1981, ọjọ́ ọjà ni, nígbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Àwọn ará oko kún orí ìjókòó dé ìta. Ìyàwó kan wọlé, ó pọn ọmọbìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀ tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú bí ẹni tó fi òrombó sẹ́nu, ara rẹ̀ gbóná, kò lè lanu, kò sì fẹ́ la ojú. Eéwo ńlá ti sọ ọ́ ní ìdí eyín. Sístà gbé e wọ inú yàrá, ó fọwọ́ kàn án, ó sì ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Abẹ́rẹ́ ti wà nínú omi gbígbóná láti àárọ̀, pẹnisílínì sì ni ohun tó ń bá irú eéwo bẹ́ẹ̀ jà jù lọ́wọ́ wa nígbà yẹn. Ó ké sí ìta pé kí wọ́n mú káàdì wá.

Àdìjátù kò mọ ìyàwó náà. Àwáwù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni, abà oko lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, kò tíì pẹ́ tó wọ ìlú. Àdìjátù kò sì rí ọmọ náà rí, káàdì rẹ̀ nìkan ló mọ̀, kò sì mọ̀ pé òun ni.

"Kí lorúkọ ọmọ?"

"Eyínfúnjowó."

"Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́?"

Àwáwù wolẹ̀. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò lè pè é."

"Ilé ta ni?"

"Ilé wa ni."

"Ta ni wọ́n fi ń pe ilé yín?"

"Bàbá wa."

Obìnrin kan lórí ìjókòó ní, "Ìyàwó, ṣé àwa kò ní bàbá tiwa ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Àwáwù sì tẹ orí ba síwájú sí i. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn, ará oko ni wọ́n. Ìyá ọmọ wà ní Ìṣẹ́yìn, bàbá rẹ̀ wà lóko, ìyá àgbà kò lè rìn dé ibẹ̀.

"Ìyá Ràsáàkì, káàdì dà?" Sístà tún ké láti inú. "Ọmọ yìí ń jóná o."

Káàdì òfìfo wà níwájú Àdìjátù. Kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ láti kọ Eyínfúnjowó sórí rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ wọlé. Òfin ní bí kò bá sí káàdì, kò sí abẹ́rẹ́. Káàdì á sì wà. Ó fi bírò lé e, ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ó bá dúró. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ńṣe ló dà bí ìgbà tí òwú já lọ́wọ́ òun tí òun sì fẹ́ máa hun lọ.

Ó dìde, ó yí tábìlì ká, ó lóṣòó síwájú ìyàwó náà.

"Gbọ́, ìyàwó. Èmi náà kò pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ rí, n kò sì ní pè é. Má pè é. Èmi ni màá pè é. Bí mo bá ti kan ilé yín, ṣáà fa ìborùn bojú."

Ó ń pe ilé, ó ń wojú rẹ̀. Ilé Ọ̀jẹ̀túndé, Àwáwù ń wò ó. Ilé Ògúndèjì, ó ṣì ń wò ó. Ilé Àríyọ̀. Àwáwù fa ìborùn bojú.

Ọwọ́ Àdìjátù bọ́ sórí ìdì tí kò ní kókó. Ó tú u, ó yọ ti àwọn ọmọbìnrin, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó pe Àmọ̀kẹ́, Àwáwù gbórí sókè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun máa ń gbọ́ tí ìyá àgbà ń ki ọmọ náà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Káàdì Àmọ̀kẹ́ nìyí, ibà ló gbé e wá, ó mọ́ tónítóní, kò sí àmì pupa kankan lára rẹ̀. Sístà ti yọjú sí ẹnu ọ̀nà, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ kejì fún káàdì.

"Ṣé òun nìyẹn?"

Àdìjátù kò fún un. "Oríkì nìyẹn, Sístà. Wọn kì í fi oríkì nìkan sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó já."

Sístà wò ó, ó wo ọmọ, ó sì dúró. Mo ka ìdúró yẹn sí iṣẹ́ ńlá, torí òun ni ooru ara ọmọ náà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Àdìjátù padà sí ìdì. Ó pe orúkọ kan, Àwáwù mi orí. Ó pe òmíràn. Lẹ́yìn náà ló pe Mojọlá, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀ kó tó pè é tán, nítorí ó ti rí bírò pupa.

Àwáwù fi ìborùn bo gbogbo ojú.

Sístà gba káàdì náà, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó rọra dá abẹ́rẹ́ padà sínú àwo. Ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná mìíràn wá àti aṣọ mímọ́. Ó tú eéwo náà fúnra rẹ̀, ó gbọn ọyún rẹ̀ dànù, ó wá mú oògùn mìíràn láti inú àpótí, ó pò ó fún ọmọ náà, ó sì jókòó tì í títí ooru ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Nígbà tí Àpọ́nlé fi ti Ìṣẹ́yìn dé, ẹ̀kọ ló bá lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó fi ojú ara rẹ̀ ka bírò pupa yẹn, tàbí kí n sọ pé ó wò ó, torí kò mọ̀wé, ó sì fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Ìlú kékeré kì í pẹ́ gbọ́. Kò pẹ́ tí Baba Àríyọ̀ fi wá sí ilé ìwòsàn, òun àti ọ̀pá rẹ̀, gbogbo ilé sì tò tẹ̀lé e: ọmọ, ìyàwó, ọmọ ọmọ, ìyá àgbà lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì. Ó jókòó sórí ìjókòó bí ẹni pé òun ló ni ín.

"Mo gbọ́ pé o dárúkọ mi lójú ìyàwó mi."

"Mo dá a, Bàbá," Àdìjátù ní, ó kúnlẹ̀. "Àbí kí n ní kóun dá a ni?"

"Ìwọ lè dá a. Ìwọ kọ́ lo fẹ́ ọmọ mi." Baba gbé ọ̀pá rẹ̀ sí itan. "A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. N kò yí ohun tí mo sọ padà o. Ṣùgbọ́n kíkà la kọ̀. Mo ti rò ó, n kò rí ẹni tó ní ká má pe ọmọ. Mú bírò rẹ. Èmi ni màá pè wọ́n."

Ó sì ń pè wọ́n lóòótọ́, látorí àkọ́bí dé orí èyí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bó bá ti pe ọ̀kan tán, ìyá àgbà á ki oríkì rẹ̀, ìyàwó kọ̀ọ̀kan á wá sọ orúkọ tirẹ̀ wẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn, Àdìjátù á sì kọ gbogbo rẹ̀ sójú kan. Kò sí ẹni tó kà wọ́n. Títí dòní, bí o bá bi Àdìjátù pé ọmọ mélòó ló wà nílé Àríyọ̀, á ní òun kò mọ̀, òtítọ́ ló sì ń sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìgbà tó ku káàdì Baba fúnra rẹ̀, Àdìjátù yíjú sí àwọn ìyàwó, ó ní kí ni àwọn ń pe Bàbá láàárín ara wọn. Ọ̀kan fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ẹlòmíràn. Àwáwù, tó kéré jù, ló wá tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ sí Àdìjátù létí. Máfọwọ́kàn-án ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tó wà nílé yẹn tí kì í sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Àdìjátù kọ ọ́, kò rẹ́rìn-ín.

Baba na ọrùn sórí káàdì. "Kí ni wọ́n ní wọ́n ń pè mí?"

"Ó ti wọ̀wé, Bàbá. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ló gbé yín wá lọ́jọ́ kan, òun la máa fi rí yín."

Baba wo àwọn ìyàwó rẹ̀, gbogbo wọn sì ń wo ilẹ̀, àfi Mojọlá tó lẹ̀ mọ́ Àwáwù lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń ṣí eyín rẹ̀ funfun tí ọyún ti kúrò nídìí rẹ̀. Àdìjátù kó káàdì náà jọ, ó gbá etí wọn dọ́gba lórí tábìlì, ó fi òwú aláró wé wọn, ó sì ta kókó sí i.